Ọdẹ́sànmí, Ọdẹ Tí Wọ́n Ní Kó Yọ̀

Ẹ sún mọ́ra yín, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ nílé kó tètè lọ ṣe é, torí ẹnu tí mo fẹ́ là yìí, mi ò ní pa á dé títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mò ń gbọ́ yín. Etí tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ètu lórí ewé gbígbẹ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fara pamọ́ fún un? Ọ̀rọ̀ ìbínú ni mo fẹ́ sọ, inú èmi gan-an ò sì dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí ohun tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin yìí, bí wọ́n bá ṣe é fún òkúta, òkúta á fọhùn.

Ọdẹ́sànmí lorúkọ ẹ̀. Òun ló kọ́ mi níbọn. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta, tí mo fi ọwọ́ lásán lé ìkookò kúrò nídìí ewúrẹ́, ọmọ ẹ̀yìn ni mo jẹ́ fún un. Ó ga, ó gbẹ, inú sì máa ń tètè bí i. Bí Ọdẹ́sànmí bá bínú láàárọ̀, ẹyẹ ò ní bà sórí òrùlé ẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, Àwẹ̀ró. Obìnrin yìí nìkan ló lè sọ fún un pé "Baba, ó tó," kó sì tó lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ọyẹ́, Àwẹ̀ró jókòó sídìí ààrò, ó ń yan ẹran ìgbẹ́. Àlejò kan dé. Ó funfun bí ẹfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí pòròpórò àgbàdo, ó gbé kèrègbè kan kọ́ èjìká, ó ń gbọ̀n. Ó kí obìnrin náà kú iṣẹ́, ó ní òtútù ń pa òun, kó jọ̀wọ́ fún òun ní ooru díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi iná du ẹni tó bá wá a wá. Àwẹ̀ró nawọ́ sí ààrò, ó ní, "Ẹ mú èyí tó bá wù yín." Ògúnná ló ní lọ́kàn.

Àlejò ò tiẹ̀ wo ààrò. Ó ṣí kèrègbè ẹ̀, ó gbé ẹnu ẹ̀ ti àtẹ́lẹsẹ̀ obìnrin náà, ooru ara Àwẹ̀ró sì ń wọ inú kèrègbè lọ bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa ẹ̀kọ mímu. Ó dé e. Ó dúpẹ́, ẹ gbọ́, ó dúpẹ́, ó tún ní kí Ọlọ́run má fi iná wọn kú. Ló bá gba orí ìrì lọ bọ̀rọ́, kò gbé ẹsẹ̀ kankan sókè. Gbóorulọ lorúkọ iwin yẹn, mi ò sì ní pè é tẹ̀rín-tẹ̀rín láé.

Ìgbà tí Ọdẹ́sànmí fi máa ti igbó dé, ìka ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀ ti tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ìyá Àwẹ̀ró ti wá jókòó tì í. Ìyá àgbà náà fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ní òtútù yìí á máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, tó bá sì di ọjọ́ kẹsàn-án, á dé àyà. Tó bá ti dé àyà, ó parí nìyẹn. Ó ní ooru ni wọ́n gbé lọ, ooru náà la máa gbé padà wá.

Ọdẹ́sànmí ò sunkún. Ó pa eyín pọ̀, ó fún ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn ẹ̀ le bí ìtì ìrókò. Bó ṣe le yẹn náà ló ṣe gbé ìbọn, bó ṣe le yẹn náà ló ṣe wọ igbó.

Bó ṣe dé Igbó Ìwárìrì, ẹ má bi mí. Ọ̀nà ọdẹ kì í ṣe ọ̀nà ọjà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé atẹ́gùn ò fẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo igi ń gbọ̀n, eyín ẹ̀ka ń lu ara wọn. Lọ́jọ́ kejì ó kan iwin méjì tí wọ́n jọra bí awẹ́ obì, wọ́n ń fi ayùn ńlá la ìtì igi. Ọ̀kan dúró lọ́tùn-ún, ọ̀kan dúró lósì. Bí ti ọ̀tún bá fà á, ti òsì á jọ̀wọ́ ẹ̀. Bí ti òsì bá fà á, ti ọ̀tún á jọ̀wọ́ ẹ̀. Ìtì náà dí gbogbo ọ̀nà pa. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń kọjá ọ̀dọ̀ àwọn láì já àlọ́ kan:

"Ó ń fà, kò mọ títì. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń kúrú. Tó bá ń sinmi, ó ń gùn. Kí ni?"

Ọdẹ́sànmí dáhùn pé okùn ni. Iwin ọ̀tún wo iwin òsì, ó ní, "Okùn kì í jẹ iyán. Èyí ń jẹ ẹ́." Ọdẹ́sànmí ní ọrùn ahun ni nígbà náà. Wọ́n bi í pé ìgbà wo ni ahun ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ayùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lọ́wọ́ wọn.

Inú bí ọkùnrin mi. Ó gbé ìbọn sójú. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun ìtìjú. Ó ti di ìbọn náà mú láti ilé, ọjọ́ méjì gbáko, bí ẹni tó di ọrùn ọ̀tá mú. Ìka ẹ̀ ti ganpa. Èyí tó yẹ kó fà á yìnbọn ò gbọ́ràn mọ́. Iwin ọ̀tún rìn wá jẹ́jẹ́, ó yọ ìbọn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ṣíbí lọ́wọ́ ọmọdé, ó gbé e kọ́ sórí ẹ̀ka. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ ohun tó ń bá òun gbé ìbọn, kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe? Bó o bá mọ̀ ọ́n, wá gbà á." Wọ́n wá yí ìtì kúrò lọ́nà fún un, bí ẹni tó ń ṣàánú. Èyí tó dùn ún jù nìyẹn. Kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ, ó burú. Kí wọ́n wá ṣàánú ẹ̀ lé e, ẹ̀yin ẹ sọ fún mi.

Ibi tí igbó parí sí, ó parí gẹ́ẹ́ bí aṣọ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Níwájú ibẹ̀, funfun. Ilẹ̀ funfun, òkè funfun, yìnyín tó kúnná bí ìyẹ̀fun èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀, títí ojú ò fi rí òpin ẹ̀. Ìlú kan wà létí pápá náà. Oníbodè ìlú ọ̀hún rí i, ó bẹ́rí fún un, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà, baba ọdẹ. Ẹ yọ̀ o."

Ọdẹ́sànmí gbé e mì. Ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìyàwó, àlejò, kèrègbè, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oníbodè fetí sílẹ̀, ó káàánú ẹ̀, ó ní Gbóorulọ kọjá lóòótọ́, ìdí òkúta kan lápá kejì pápá ló ń gbé. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lè bá a, baba, ẹ gbọ́dọ̀ yọ̀. Ẹni tí kò bá lè yọ̀, pápá yìí ò ṣeé kọjá fún un." Àwọn ará ìlú tó ń lọ tó ń bọ̀ náà ń jùwọ́ sí i, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń wí pé ẹ yọ̀, baba, ẹ yọ̀.

Ọdẹ́sànmí ní, "Ìyàwó mi ń kú lọ nílé, ẹ ní kí n yọ̀. Kí n yọ̀ sí kí ni? Ṣé bí wọ́n ṣe ń yọ̀ nígbà tí ìyá tìrẹ kú nìyẹn?"

Ó ju ẹ̀ṣẹ́ sí oníbodè. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́sànmí méjèèjì fò lọ sókè, ìdí ẹ̀ balẹ̀ gbì. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó yọ̀, àlejò ti yọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Ohun tí kò bá dé bá yín ni ẹ fi ń rẹ́rìn-ín.

Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ní òun á fi ẹsẹ̀ òun rìn ín. Ìgbésẹ̀ kìíní, yìnyín gbé e mì dé orúnkún. Ìkejì, dé itan. Ìgbésẹ̀ ogún ló gbé kó tó di pé kò lè mí mọ́, oníbodè ṣì ń rí etí ẹ̀ kedere. Ó wọ́ ara ẹ̀ padà, ó jókòó sẹ́yìn bodè, ó dójú kọ igbó, ó kọ oúnjẹ, ó kọ omi, ó ń lọ eyín. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì nínú mẹ́sàn-án, òtútù ń gun Àwẹ̀ró lọ nílé. Bí mo bá rántí ọjọ́ méjì yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n lọ fa ọ̀gá mi létí nínú ibojì ẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló wá bá a. Fàá-kó-o-tú-u ni wọ́n sọ ọ́, àwọn ará ìlú gé e kúrú sí Ìyá Fàtú. Òun ló ń kọ́ gbogbo ọmọ ìlú náà ní ìrìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀, ó bi í pé ọkọ òun, kí ló dé tó fi ń fi ìdí mú yìnyín gbóná. Ọdẹ́sànmí ní ìlú wọn ìlú ìkà ni, wọ́n ní kí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ń kú lọ nílé máa yọ̀.

Ìyá náà wò ó títí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé kí o dunnú? Ẹsẹ̀ la ní kó yọ̀. A ò sọ̀rọ̀ ọkàn."

Ọdẹ́sànmí wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ìyá náà ní ilẹ̀ ibí ń yọ̀, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yọ̀ bá a. Èyí tí ọkàn bá fẹ́ ṣe, kó máa ṣe é níbi tó wà. Ọkùnrin mi rí i nígbà náà pé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lòun ti jókòó fún ọjọ́ méjì. Ìbínú tó ń bí i sí ìlú wá yí padà, ó dojú kọ òun fúnra ẹ̀, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá Fàtú so pákó méjì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Pákó náà gùn ju èèyàn lọ, wọn ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́, imú wọn ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n so. Gìgísẹ̀ wà lófìfo. Ọdẹ́sànmí dúró bí ọdẹ ṣe ń dúró, orúnkún le, àtẹ́lẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú. Kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti wà nílẹ̀. Ó dìde, ó ṣubú. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀keje, ó bú pákó, ó bú igi tí wọ́n ti gé pákó, ó bú òjò tó rọ̀ sí igi náà.

Ìyá Fàtú bi í pé ta ló ń bá a jà nínú ara ẹ̀. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ìyá ní kó jẹ́ káwọn gbọ́. Ó bu yìnyín sí i létí ọ̀tún, ó bù ú sí tòsì. Bí yìnyín ṣe yọ́ tán, Ọdẹ́sànmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn iṣan ara ẹ̀, wọ́n ń jà bí orogún ní ìdí kànga.

Iṣan iwájú itan ló ń pariwo jù. Ó ní òun lòun ń gbé baba yìí kiri láti ọjọ́ tó ti mọ igbó, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́. Iṣan ẹ̀yìn itan ní ta ló ní kó máa fà nígbà tí òun ń fà. Eegun kan náà, ọ̀kan ń fà á síwájú, ọ̀kan ń fà á sẹ́yìn, níbo ni eegun fẹ́ gbà? Iṣan ẹ̀yìn ojúgun ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ti ìdí, tó tóbi ju gbogbo wọn, sùn lọ fọnfọn. Wọ́n jí i, ó ní wọn ò pe òun. Ti ikùn ní àtọdúnmọ́dún, ẹ̀rín àti ìgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń pe òun sí, kí ló kan òun nínú ìrìn? Èjìká ti gòkè dé etí, ó ní òun ń ṣọ́nà. Lókè pátápátá, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ńṣe ló kàn fún pọ̀, ó ń lọ eyín.

Ìyá Fàtú fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó ní, "Èyí ńkọ́? Kí ló ń wá nídìí iṣẹ́ ẹsẹ̀?"

Ọdẹ́sànmí ní inú ló ń bí òun.

"Máa bínú," ni ìyá wí. "Mi ò ní kó o má bínú. Àmọ́ ẹni mélòó lo fẹ́ kó bínú pa pọ̀? Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ni kó bínú. Kí àwọn yòókù sùn. Tí iṣẹ́ bá tún kàn wọ́n, kí wọ́n jí."

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ọdẹ tó wà láyé lónìí tó mọ̀ ọ́n, èmi nìkan ni. Ìyá ní ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ dúró. Ó ní kó rọ orúnkún, kó rọ ọrùn ẹsẹ̀, kó gbé gbogbo ara lé pákó kan ṣoṣo, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ yìnyín, bí ìṣẹ́jú akàn báyìí, pákó á di ilẹ̀ mú. Ní ìṣẹ́jú akàn yẹn ni ìdí, iwájú itan àti ẹ̀yìn ojúgun á jọ fà lẹ́ẹ̀kan náà, gbà, wọ́n á ti ara síwájú. Àfi kí wọ́n jáwọ́ kíá. Ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ tán, kó rọ̀ sẹ́yìn bí apá ọmọ tó ti sùn lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì ló ku tó máa yọ̀, òun nìkan, bí lékeléke tó dúró lẹ́sẹ̀ kan. Níbẹ̀, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ìgbáròkó àti ti kókósẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, wọn kì í pariwo. Ẹ wo ọrùn ẹni tó ru omi tí kò fọwọ́ dì í, bó ṣe ń ṣàtúnṣe wẹ́wẹ́ tí kò jẹ́ kí ẹnì kankan rí i, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn.

Ó kó ọ̀pá méjì fún un. Ọkùnrin mi ń fi apá nìkan ti ilẹ̀, kò pẹ́ tí ata fi kún inú apá ẹ̀. Ìyá fi ọ̀pá gún un níkùn, ó ní, "Ọ̀lẹ, dìde." Ẹ̀yin tí ẹ ti gún iyán rí, ẹ máa mọ èyí. Ẹni tó bá fi apá gúnyán, kí iyán tó kúnná, á ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gún, gbogbo àgọ́ ara ẹ̀ ló ń já lé ọmọ odó. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ikùn ló ń kọ́kọ́ ká, iṣan abẹ́ abíyá àti ti ẹ̀yìn á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀yìn apá á gbà á níkẹyìn, tí ọwọ́ bá sì ti kọjá ìdí, kí ọwọ́ là.

Kí ọwọ́ là, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ilé, ọwọ́ Ọdẹ́sànmí ò tíì là. Ìyá bẹ̀ ẹ́, ìyá bú u, ó ní ọ̀pá ò ní sá lọ, okùn so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ọwọ́ náà là nígbà tó yá, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, ó sì dun ọkùnrin náà débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó bínú sí omi náà.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ọwọ́ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, láìlọ́pàá, láìní pákó kejì, sókè, sísàlẹ̀, títí iṣan ò fi bi orí léèrè mọ́ kó tó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn wà láàárín orí, ó tẹ̀, ó fà, ó tú, ó yọ̀. Ìlú pariwo. Ọdẹ́sànmí ò rẹ́rìn-ín. Òógùn ń sọ èéfín lẹ́yìn ẹ̀, Ìyá Fàtú sì na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀yìn náà, ó ń yáná. Ó ní àwọn ò ní ààrò ní ìlú yìí. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ ń dáná, òun làwọn fi ń wà láàyè. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má dúró pẹ́ lórí pápá, torí ẹni tó bá dúró, iná ẹ̀ ń kú nìyẹn.

Ọjọ́ keje ló wọ pápá. Mi ò ní fa èyí gùn. Ó yọ̀ láti àárọ̀, ó yọ̀ sọ̀kalẹ̀ òkè gíga kan tó rí bí òrùlé ilé, ìrọ̀lẹ́ ló kan òkúta náà. Gbóorulọ wà nídìí ẹ̀, ó jókòó ká gúlútú, ó ń gbọ̀n. Kèrègbè ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀.

Ọdẹ́sànmí bi í pé ooru ìyàwó òun dà.

"Mo fi yáná ni," ni iwin wí. "Ó ti tán láti ọjọ́ tí mo dé. Kò tiẹ̀ tó mi í fọ ẹsẹ̀. Òun ló ní kí n mú èyí tó bá wù mí."

Ẹ̀mí èèyàn, ooru ọ̀gbọ̀n ọdún, ó fi yáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì tó o. Ọdẹ́sànmí gbé ọ̀pá sókè, ẹnu ọ̀pá dojú kọ ọ̀fun iwin. Gbogbo iṣan ara ẹ̀ fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kó mọ̀ pé òun fẹ́ pa á, kó tó pa á. Ó ń bú u. Ó bú u, ó bú baba ẹ̀. Iwin náà ò bẹ̀bẹ̀, kò sá, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ọdẹ́sànmí wo ìsàlẹ̀. Gbóorulọ ti na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sí èéfín tó ń jáde lára ẹ̀. Ó ń yáná.

Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tó wà lára òun. Ooru tí òun wá wá, inú kèrègbè kọ́ ló wà mọ́. Ara òun ló wà, iṣan òun ló dá a, bí òun bá sì dúró níbí bínú, olè yìí á jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti bínú rí, ẹ mọ bó ṣe rí kí ọ̀pá wà ní ọ̀fun ọ̀tá, kí èèyàn sì gbé e kúrò. Ó gbé e kúrò. Ó yí pákó padà, ó tẹ̀ ẹ́.

Gbóorulọ tẹ̀ lé e. Lórí ilẹ̀ títẹ́, èèyàn ò lè yọ̀ bí iwin, gbogbo òru yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ọwọ́ tútù ń kan aṣọ ẹ̀ lẹ́yìn. Ó fẹ́ wo ẹ̀yìn, kò wò ó. Ó fẹ́ lọ eyín, ó rántí, ó tú u. Ìbínú wà níbẹ̀ digbí, ó kàn ń pín in ni: tẹ̀, bínú, yọ̀, sinmi, tẹ̀, bínú, yọ̀, sinmi. Ìbínú tó ń sinmi kì í rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n dé òkè gíga yẹn lọ́jọ́ kẹjọ. Yíyọ̀ ò gun òkè. Ọdẹ́sànmí ya imú pákó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gé yìnyín, ìdí ẹ̀ ń jó, inú itan ẹ̀ ń jó, ikùn tó ń ṣe ọ̀lẹ ló ń gbé èjì gbé ẹ̀ta. Gbóorulọ gbé ẹsẹ̀ lé òkè, ó yọ̀ padà. Ó tún gbé e, ó tún yọ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ láyé ẹ̀ ò ju kó yọ̀, kó sì jẹ ooru ẹlòmíràn. Kò ní iṣan kan ṣoṣo tó lè fa òun fúnra ẹ̀ sókè. Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi orúkọ dídùn pe ọdẹ padà. Ọdẹ ń gun òkè ẹ̀ lọ.

Ó la ìlú kọjá láì dúró. Ó bọ́ pákó létí igbó, ó ń sáré. Àwọn alayùn méjì rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n fẹ́ẹ́ la ẹnu, ó ní iṣan ni, iṣan ni ìdáhùn yín, ó sì fo ìtì igi kọjá. Wọ́n ní ó járe, kó wá gba ìbọn ẹ̀. Ó wo ìbọn náà. Irin ẹ̀ ti gba ìrì, ó ti tutù, ó sì mọ ohun tí irin tútù ń ṣe fún àyà gbígbóná. Ó fi í síbẹ̀. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, tí mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta, mi ò ní purọ́ fún yín: èmi á dúró gbà á.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀sán gangan, ó dé. Àwọn ará ilé ti kóra jọ. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí ẹní, ọwọ́ lẹ́rán. Òtútù ti dé egungun ìhà ọmọ ẹ̀. Àna ìyá náà sì ń bọ̀, ó ń bọ̀ lórí ìdúró, ó gba iwájú ìyá ìyàwó ẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, kò kúnlẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀, kò tiẹ̀ ní ẹ kú ilé. Àwọn èèyàn fọwọ́ bo ẹnu. Ó wọlé, ó gbé ìyàwó ẹ̀ mọ́ àyà lójú ìyá tó bí i, ó ki ẹsẹ̀ ẹ̀ tó tutù bọ abẹ́ aṣọ ara ẹ̀, sórí ikùn, ó ní kí wọ́n da gbogbo aṣọ tó wà nílé bo àwọn. Ìyá náà dìde dúró, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń wí pé wọ́n ti sọ òun di kí ni nínú ilé yìí.

Ọdẹ́sànmí tú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tú èjìká, ó tú ọwọ́, ó tú ikùn, ó tú itan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ooru sì ń kọjá. Ẹsẹ̀ gbà á. Orúnkún gbà á. Ó pẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn rí i tí àwọ̀ obìnrin náà ń padà láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Nígbà tó dé àyà, Àwẹ̀ró la ojú. Ó wo òrùlé, ó wo ọkọ ẹ̀ tó fún òun mọ́ra pẹ̀lú òógùn lójú gbogbo èèyàn, ó wo ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Baba, ṣé ẹ ti kí ìyá mi?"

Ọdẹ́sànmí dìde. Ó rìn lọ síwájú ìyá náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà lu ilẹ̀, ó ní ẹ kú ilé, ìyá. Ìyá fi í sílẹ̀ kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó yá, ó ní ó tó, ọkọ ọmọ òun, kó dìde. Kò dìde. Ó tún ní kó dìde. Kò mì. Kò sí iṣan kan nínú ara ẹ̀ tó gbà láti fà, gbogbo wọn ti sùn. Ṣùgbọ́n ìyá ò mọ̀. Omijé bọ́ lójú ẹ̀, ó ní òun ti dárí jì í. Àwọn ará àdúgbò mirí, wọ́n ní irú ọ̀wọ̀ báyìí fún àna, àwọn ò rí i rí láyé àwọn. Títí Ọdẹ́sànmí fi kú, bí wọ́n bá ti ń yìn ín fún ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ yẹn, ńṣe ni inú ń bí i.

Ẹnu mi ti pa dé. Ẹ dìde ẹ máa lọ ilé yín, bí iṣan yín bá gbà.